Páálí káàdì tó kọ ọmọ mi ní “chieves”

“Chieves.” Bí wọ́n ṣe tẹ púpọ̀ chief sórí káàdì gàdàgbà nìyẹn, pẹ̀lú àwòrán baálẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dé fìlà. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Primary 4 kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò kíláàsì, olùkọ́ sì fi bíírò pupa fagi lé e. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ gbé káàdì náà dání lọ sí ilé ìwé láti fi han olùkọ́ pé òun kò dá a sọ, inú káàdì lòun ti kà á. Wọ́n rán an padà lọ jókòó. Nígbà tó délé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sì jẹun. Ọmọdé gbà pé ohun tí àgbà bá ti tẹ̀ jáde, òótọ́ ni. Ìyẹn ló ká mi lára jù.

Káàdì irregular plurals, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í kàn gba s bí wọ́n bá di púpọ̀, inú páálí aláwọ̀ ewé ni mò ń sọ, èyí tí àwọn òbí n’Íbàdàn ń júwe fún ara wọn lórí WhatsApp. Àwòrán ẹyọ kan wà níwájú, ọ̀pọ̀ wà lẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ bí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣe rí.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà wo káàdì, ó wò mí, ó ní, “Ẹ má bínú, Mummy, bí kọ́ńpìnnì ṣe gbé e wá náà la ṣe ń tà á.” Mo ní kò burú, kó fún mi ní nọ́ńbà kọ́ńpìnnì. Ó ní ọwọ́ ọ̀gá òun ló wà, ọ̀gá sì ti lọ sí Èkó. Mo fa àga oníke kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Nígbà tó rí i pé n kò ní í dìde, nọ́ńbà jáde.

Arábìnrin tó gbé ìpè mi, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń sọ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ó ní ṣebí leaf ló di leaves, thief ló di thieves, “torí náà chieves náà tọ̀nà, Mà.” Mo ní kó ṣí díkṣọ́nárì èyíkéyìí tó bá wà nítòsí. Ó ní oníbàárà mìíràn ń dúró de òun. Mo tún pè é. Ó ní kí n kọ íméèlì. Mo kọ ọ́. Mo fi fọ́tò káàdì náà sí i, mo fi ti ìwé ìdánwò ọmọ mi sí i, mo tún fi ti káàdì roof sí i, nítorí “rooves” ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé roofs ni olùkọ́ máa gbà. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ju “Thank you for your feedback” lọ. Inú bí mi gan-an. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àgbéyẹ̀wò yìí, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì ní lọ́kàn.

Ẹnu ìkọ̀wé ni mo wà tí ìpè wọlé. “Ẹ káalẹ́ o, ìyá ọmọ wa. Èmi ni mo to àwọn káàdì yẹn. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe ọmọ yẹn.” Kò tíì bẹ̀ mí o, ọmọ ló kọ́kọ́ bẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, chiefs ni, roofs sì ni. Àwa la ṣì í, ojú mi ló fò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ rẹ jàre, ìwọ náà kò jẹ̀bi, ohun tí a fún ọ lo kà.” Ọmọ mi ti kúnlẹ̀ sídìí fóònù láti ìgbà tí mo ti gbé e sí sípíkà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ là.

Ó wá béèrè ìdí tí kò fi rí bíi ti thieves. Màmá tíṣà náà ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti gba chief, ó sì mú s lásán. Pé roof ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé, síbẹ̀ roofs ló kù lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà kó kọ́ méjèèjì sórí. Ọmọ ní foot àti feet ńkọ́? Màmá ní láyé àtijọ́, ìró i kan máa ń wà nídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá ti di púpọ̀. Ìró yẹn fa fáwẹ̀lì tó wà níwájú rẹ̀ mọ́ra títí ó fi yí padà. Nígbà tó yá, i jábọ́, àmọ́ èyí tó ti yí padà kò padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni teeth, geese àti mice ṣe rí. “Ṣé mongoose á wá di mongeese ni, Mà?” Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, India ni mongoose ti wá, láti inú èdè Marathi, mongooses ni.

Ìgbà yẹn ni mo padà sídìí páálí náà tí mo fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó tò ó mọ iṣẹ́. Kò to káàdì bíi a, b, d. Ìdílé ìdílé ló tò wọ́n: àwọn tí fáwẹ̀lì inú wọn ń yí padà wà lójú kan, oxen àti children lójú kan, àwọn tí f wọn ń di v lójú kan. Ọmọ tó bá ti mọ tooth kò ní í ṣòro fún un láti mọ goose. Ní ti children, ẹ̀yìn káàdì sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún fi -en lé e. Àwọn tí kì í yí padà rárá ló kẹ́yìn. Nígbà tí àbúrò ọmọ mi dé orí sheep, ó yí káàdì síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí ó ti yàtọ̀. Ó ní, “Mummy, èyí dà bíi tiwa. Àgùntàn kan, àgùntàn mẹ́ta.” Deer kò tún gba àlàyé kankan lẹ́yìn ìyẹn.

Síbẹ̀, ó ku díẹ̀ káàtó. Kò sí ìró v nínú èdè wa, ọmọ tó bá ka knives lórí káàdì á sì pè é bíi “naifs”, kò sí ohun tó máa tọ́ ọ sọ́nà àyàfi bí àgbà bá wà nítòsí. Ó dùn mí pẹ̀lú pé wọn kò fi ìdílé furniture, equipment, luggage àti information sí i, àwọn tí kì í gba s rárá, tí àgbàlagbà ń pè ní “furnitures” nínú ìpàdé. Irú ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ mọ̀ kó tó dé Common Entrance.

Màmá fi káàdì tuntun méjì rán ẹni tó ń fi ọ̀kadà jíṣẹ́ sí wa, chiefs àti roofs, kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ mi gbé chiefs lọ fún olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá, mo yà, mo ṣí páálí kan lórí igbá: “chieves” ṣì wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin ìdí káńtà náà ní ọ̀gá ṣì wà l’Ékòó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí ẹ bá ti ra tiyín, inú ìdílé f àti v ni kí ẹ wò, káàdì àwọn baálẹ̀ àti ti òrùlé. Bí ẹ bá rí v lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ má ṣe fún ọmọ. Ẹ pe kọ́ńpìnnì, kí ẹ sì sọ pé Màmá tó to káàdì lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀.