Ọba Kò So tàbí Ọba Wàjà: èwo ni kí ẹgbẹ́ kékeré tún gbé sórí ìtàgé?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré ẹgbẹ́ Dúró Ládipọ̀ ti Òṣogbo. Ọdún 1963 ni Ọba Kò So, eré lórí Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́, jáde, Ọba Wàjà sì tẹ̀lé e ní 1964.

Ní ti owó, Ọba Kò So ló ń náni jù. Ẹ ò lè fi ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ rọ́pò onílù bàtá: Ṣàngó gbọ́dọ̀ gbọ́ oríkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí èjìká rẹ̀ tó dáhùn. Ewu tún wà níbẹ̀, torí wọ́n máa ń dáná sun Gbọ̀nkáà, jagunjagun Ṣàngó, nínú eré náà. Bí gbọ̀ngàn bá kéré, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ pupa ni kí ẹ fi ṣe iná.

Ọba Wàjà fúyẹ́ lápò, ó wúwo lọ́kàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944 ló dá lé: ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ò jẹ́ kí Ẹlẹ́ṣin, ìjòyè tó yẹ kó bá ọba kú, bá ọba lọ, ọmọ Ẹlẹ́ṣin sì kú dípò bàbá rẹ̀.

Bí ẹ bá ní onílù àti ẹni tó mọ oríkì í ké, Ọba Kò So ni. Bó bá jẹ́ àgbà òṣèré kan lẹ ní, tó lè dákẹ́ kí gbogbo èrò di èémí sínú, Ọba Wàjà ni.