Mad River Glen lọ́jọ́ ìjì yìnyín: àgbéyẹ̀wò òkè tí àga rẹ̀ ń gbé ẹnì kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdájọ́ mi síwájú. Bí ẹ bá mọ síkì dáadáa, ìyẹn eré fífi pátákó gígùn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín, tí ìjì yìnyín sì ń bọ̀ ní ìpínlẹ̀ Vermont lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Mad River Glen ni kí ẹ kọrí sí. Mo ti ṣe síkì lórí àwọn òkè tó ga jù ú lọ fíìfíì, tí àga wọn ń sáré, tí ilé ìsinmi wọn tóbi. N ò tíì rí èyí tí yìnyín pọ́dà, ìyẹn yìnyín tuntun tó fúyẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀, ti ń pẹ́ nílẹ̀ tó ti ibẹ̀. Ohun tó sì fà á náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sá fún un: àga tó so rọ̀ lára okùn wáyà, tó ń gbé wa lọ sókè, ẹnì kan péré ló ń gbà.

Ọdún 1948 ni wọ́n ti gbé àga náà kalẹ̀, nígbà tí Roland Palmedo àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ dá ibẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2007 tí wọ́n tún un ṣe láti ìsàlẹ̀ dókè, wọn ì bá ti lo àǹfààní yẹn láti sọ ọ́ di ẹlẹ́ni méjì, àwọn tó ni ín kò gbà. Àwọn tó ni ín yìí, àwọn tó ń ṣe síkì níbẹ̀ náà ni. Láti 1995, nígbà tí Betsy Pratt tó ni òkè náà tẹ́lẹ̀ tà á fún wọn, ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló wà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: àga ẹlẹ́ni mẹ́rin tó ń sáré lè da èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ sórí òkè láàárín wákàtí kan. Iye tí àga Mad River ń gbé dókè láàárín wákàtí kan náà kò tó ìdá mẹ́ta ìyẹn. Níbòmíràn, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, wọ́n ti tẹ gbogbo ilẹ̀ fọ́. Níbí, mo ti rí ojú yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lójú ọ̀nà gan-an, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ kan tí àwọn onílé nìkan mọ̀.

Àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ fún ìrìn orí àga yẹn. Ẹ ó dúró, àga á yí dé, á kan yín lẹ́yìn orúnkún, ẹ ó jókòó, ilẹ̀ á sì bọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà níwájú ti di òjìji nínú yìnyín tó ń já bọ́, bí ẹ bá sì pè é, atẹ́gùn á gba ohùn náà lọ. Yìnyín á máa kó jọ sórí itan yín, sí èjìká, sí etí awò ojú. Mo máa ń tẹ́ ọwọ́ mi kan sórí itan láìmì ín, kí n fi wo bó ṣe ń rọ̀ sí. Bó bá ti bo dúdú ara ìbọ̀wọ́ mi pátápátá kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, mo mọ̀ pé ipa tí síkì mi fi sílẹ̀ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti kún padà. Otútù ibẹ̀ le. Ẹni tí kò bá wọ aṣọ tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá máa jìyà. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn tí mo dá wà lójú òfuurufú, tí ìjì ń fẹ́, wà lára ohun tó ń fà mí padà lọ síbẹ̀.

Abẹ́ àga náà gan-an ni ipa ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Chute gbà kọjá. Gbogbo ẹni tó ń gòkè ló ń wo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì yí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ igbe ìyìn láti òkè. Lọ́jọ́ ìjì, etí igi ni kí ẹ dúró sí, torí pé atẹ́gùn máa ń gbá yìnyín kúrò láàárín rẹ̀.

Orí òkè General Stark, níbi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3,637, ni àga ń já yín sí. Bí ìjì bá le níbẹ̀, ojú ọ̀run àti ilẹ̀ á di funfun báláú, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Igi ló ń gbà wá níbẹ̀. Dúdú ara igi ló ń jẹ́ kí ojú mọ ibi tí ilẹ̀ da sí, wọ́n sì tún ń dínà afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìjì ló yẹ òkè yìí jù: àwọn ipa ọ̀nà rẹ̀ tóóró, wọ́n ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ tẹ̀ lé bí òkè ṣe rí, igbó sì wà lọ́tùn-ún lósì.

Nínú àwọn ipa ọ̀nà náà, Paradise ni ààyò mi. Ẹnu rẹ̀ fara pamọ́ sáàárín igi, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kọjá rẹ̀. Lápá òkè rẹ̀, omi kan dì mọ́ ara àpáta, ó dúró ṣánṣán. Lọ́jọ́ tí ìjì kò bá sí, omi dídì yẹn máa ń tàn, ó le bí irin, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi ẹ̀gbẹ́ síkì yọ́ kọjá lára rẹ̀. Tí ìjì bá ti ń jà láti àná, yìnyín á ti gùn ún lápá kan. Mo máa ń dúró lókè rẹ̀, kí n wo ibi tó ti nípọn jù, kí n rí i dájú pé ìsàlẹ̀ ṣófo, kí n tó dárí síkì mi síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ayọ̀ bẹ̀rẹ̀: yìnyín kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀, ó dé orúnkún, kò sí ariwo kankan lábẹ́ ẹsẹ̀, àyè tó wà láàárín igi kan sí èkejì sì tó gẹ́lẹ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yí. Àyè yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́, ẹ má wo igi. Ibi tí ojú bá ń wò ni síkì ń lọ.

Ẹ kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ kí yìnyín lè gbé yín bákan náà. Ẹ má fara ti ẹ̀yìn jù, itan yín á jó kí ẹ tó dé ìdajì. Òkè tó lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2,037 láti orí dé ìdí kì í ṣe eré.

Ewu wà o. Ẹ̀rọ tí ń ṣe yìnyín kò pọ̀ níbẹ̀, ohun tó bá rọ̀ láti ojú ọ̀run ni òkè náà gbára lé. Nítorí náà, bí ìjì bá dé níbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, òkúta àti kùkùté ṣì wà lábẹ́ pọ́dà tó lẹ́wà yẹn. Tí mo bá rí ibi tó wú gele, mo máa ń yẹ̀ ẹ́. Èyí tó burú jù ni kòtò ìdí igi. Lápá òkè tí igi spruce àti fir, àwọn igi tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́, pọ̀ sí, ẹ̀ka wọn tó wálẹ̀ kì í jẹ́ kí yìnyín kún ìdí wọn dáadáa, ibẹ̀ á wá ṣófo tàbí kó rí wọ́rọ́wọ́rọ́. Ẹni tó bá forí sọ ibẹ̀ lè má lè fúnra rẹ̀ jáde, kó sì pàdánù èémí. Ẹ má dá wọ igbó láé. Kí ẹnì kejì yín wà níbi tí ojú yín ti lè tó o, kí ẹ sì máa pe ara yín.

Ní ti irinṣẹ́: síkì tó fẹ̀ díẹ̀ láàárín, awò ojú tó mọ́lẹ̀ (ẹ fi èyí tó dúdú sílé), ìbọ̀wọ́ méjì, akoto.

Ta ni kò yẹ kó lọ? Ẹni tó ń lo snowboard, pátákó kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń wà lórí rẹ̀, wọn kò gbà á láyè rárá. Alta àti Deer Valley ní ìpínlẹ̀ Utah nìkan ni wọ́n tún ń ṣe irú òfin yẹn ní Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn kan, ọ̀rọ̀ wọn sì yé mi. Ẹni tó fẹ́ kí katakata ti tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ kó tó dé pẹ̀lú, kó wá ibòmíràn lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, apá Birdland wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n ò ní gbà á nímọ̀ràn pé ọjọ́ ìjì ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń polówó òkè yìí ni pé kí o ṣe síkì rẹ̀ bí o bá lè ṣe é, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni.

Bí atẹ́gùn bá le jù, wọ́n á dá àga orí òkè dúró títí á fi rọlẹ̀. Ẹ má bínú kúrò níbẹ̀. Àga Sunnyside tó ń gbé èèyàn méjì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì tí ti òkè bá dúró, igbó dáadáa sì wà lápá ibẹ̀ náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, yìnyín ń kún sórí Paradise, kò sì sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni ló lè ra ìpín nínú ẹgbẹ́ náà. Mo ti ra tèmi. Bí wọ́n bá tún gbé ọ̀rọ̀ àga yẹn wá síwájú wa lọ́jọ́ kan, ẹlẹ́ni kan ni màá dìbò fún.