Ìrù ló ni gbogbo wàhálà: ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbé tricopter sókè

Dróònù alápá mẹ́rin ni mo ti ń wà tẹ́lẹ̀ kí n tó ra tricopter yìí, ìyẹn dróònù alápá mẹ́ta. Mo ní ṣebí apá ló dín kan, wàhálà náà á dín nìyẹn. Ara mi ni mo ń tàn.

Apá mẹ́ta, mọ́tò mẹ́ta, abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, servo kékeré kan (mọ́tò tó ń tẹ nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún) fún ìrù, ìyẹn apá ẹ̀yìn, àti pátákó tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ló wà nínú páálí. Ẹ ó wá bátìrì àti rìmóòtù fúnra yín. Alẹ́ méjì ni mo fi tò ó pọ̀, kò le. Ìwé àlàyé tó bá a wá ni kò dáa: ó fi ojú ewé mẹ́ta ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń de ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó wá sáré kọjá lórí ìrù.

Bẹ́ẹ̀, ìrù yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, méjì á máa yí sọ́tùn-ún, méjì sósì, ipá wọn á pa ara wọn rẹ́. Mẹ́ta ò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé mọ́tò ẹ̀yìn sórí ohun tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Servo ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí imú rẹ̀ ṣáko. Tí servo bá ṣìṣe, ó tán.

Tèmi ṣìṣe. Àárọ̀ ni, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Mo gbé e sílẹ̀ lórí pápá, mo kọ ìrù rẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi, mo sì fẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo rọra ti ọ̀pá òsì lára rìmóòtù sókè. Koríko dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó gbọ̀n, ó gbéra. Kò tíì ga tó orúnkún mi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì bí òkòtó. Mo fa ọ̀pá wálẹ̀ lójijì, ó forí sọlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kan ṣẹ́.

Mọ́tò ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Nígbà tí mo délé, mo tú gbogbo abẹ̀bẹ̀ kúrò, mo ti bátìrì bọ̀ ọ́, mo gbé e lọ́wọ́, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe yí imú rẹ̀ sọ́tùn-ún, ìrù tó yẹ kó bá mi jà, ńṣe ló ń ràn mí lọ́wọ́! Òdìkejì ni wọ́n ṣètò servo sí. Lórí kọ̀ǹpútà, ibì kan péré ni mo tẹ̀, ó ti tọ́. Àyẹ̀wò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ nìyí, ìwé náà ò sì sọ ọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbéra, ó sì dúró. Ó wá dùn ún wà! Tó bá fẹ́ yà, kì í já gìrì bíi dróònù tí mo ní tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dẹ̀gbẹ́ ni, bíi ti àwòdì. Apá iwájú méjì tó là gbàgà tún jẹ́ kí n máa mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí lókèèrè. Ìgbà tó bá dojú kọ mí ni ọ̀tún á di òsì mọ́ mi lọ́wọ́, ibẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ kejì ti lọ.

Bátìrì LiPo (irú bátìrì lithium kan) onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni mo ń lò, iná tó lè gbà jẹ́ 2200 mAh. Tó bá kún, ó máa ń jẹ́ 12.6 fóòtì (volt), tó bá ti ń sún mọ́ 10.5, mo ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló máa ń fún mi.

Ohun tó bí mi nínú jù ni servo tó bá a wá. Oníke ni eyín rẹ̀, ìṣubú kẹta ló rún un. Mo ti fi èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ irin rọ́pò rẹ̀, ìrù ò sì gbọ̀n mọ́. Ó yẹ kí wọ́n ti fi irú ẹ̀ síbẹ̀ látilẹ̀.

Ẹni tí kò bá wa nǹkan kan rí, tí kò sì ní sùúrù, kó fi èyí sílẹ̀ ná. Èmi ò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ni mo ti ṣẹ́, mo sì ti ra mẹ́wàá mìíràn pa mọ́.