Ubuntu ní ọ́fíìsì wa, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin

Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ló wà ní ọ́fíìsì wa, èmi ni mo sì ń bójú tó wọn. Nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft dá fún òpin àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ń sún mọ́lé, mo ka àwọn tó lè gbé Windows 11: márùn-ún péré. Àwọn yòókù kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ara wọn ṣì le koko. Ọ̀gá ní òun ò ra tuntun. Ni mo bá gbé Ubuntu 24.04 LTS, irú Linux kan tó lè rọ́pò Windows, sórí mẹ́sàn-án.

Ká sòótọ́, ó dùn ún lò. Ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe ààbò sì ń bọ̀ títí di 2029. Láptọ́ọ̀pù kan wà tí ẹni tó ni ín máa ń tàn, táá lọ bu omi mu kó tó ṣí. Ní báyìí, kó tó jókòó ló ti ṣí. Àwọn tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wọn wà ò tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu.

Yàrá akáǹtì ni ọ̀rọ̀ ti dójú rú. Fáìlì Excel kan ni wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù. Ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ macro (àwọn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì) sínú rẹ̀, kò sì kọ àlàyé kankan sílẹ̀. Màdáámù ṣí i nínú LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Excel lórí Ubuntu, iye pé, ó tẹ bọ́tìnì, kò mì. Ó tún un tẹ̀. Ó wá yíjú sí mi: "Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé owó tìẹ náà wà níbẹ̀?"

VBA, èdè Microsoft tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ sínú Excel, ni wọ́n fi kọ macro náà, ó sì ń pe àwọn nǹkan tó jẹ́ pé inú Windows nìkan ló wà. LibreOffice gbọ́ díẹ̀ nínú VBA, kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbìyànjú Wine, tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, fún sọ́fítíwíà ìṣirò wọn, ó ṣí, àmọ́ kò tẹ ìwé jáde.

Ìlú Munich ní Jámánì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ìjọba wọn lọ sórí Linux, ìgbìmọ̀ ìlú náà sì dìbò ní 2017 pé kí wọ́n padà sí Windows. Òṣèlú lásán ni mo máa ń pè é. Lọ́jọ́ owó oṣù yẹn ni mo rántí pé àwọn náà á ní yàrá akáǹtì.

Ẹ̀bi mi ni. Ǹ bá ti jókòó ti Màdáámù lọ́jọ́ owó oṣù kan kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo gbé kọ̀ǹpútà ọ̀gá fún Màdáámù, nítorí pé ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn ni. Ọ̀gá ń fi Ubuntu ka ìròyìn báyìí. Kò tíì bèèrè ohun tó yí padà.