Animal Kingdom Lodge: Ibi Tí Mo Ń Mú Àlejò Lọ Láìra Tíkẹ́ẹ̀tì Disney

Ẹni tó bá ń gbé ní Kissimmee tàbí ní Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida, mọ̀ pé bí ọlidé àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti wọlé, àlejò kò ní wọ́n nílé òun. Àwọn kan á ti Houston wá, àwọn mìíràn á ti London tàbí Ìbàdàn wá, ohun tí gbogbo wọn sì máa ń kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn ìkíni ni ọjọ́ tí a máa lọ sí Disney. Wọn kì í mọ̀ pé àwa tí à ń gbé nítòsí ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ náà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ṣoṣo fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 10 sókè ju 100 dọ́là lọ, iye náà sì máa ń ga sí i ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Owó ìgbọ́kọ̀sí, tó tó nǹkan bí 30 dọ́là, kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Bí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà bá dé sọ́dọ̀ yín, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ibì kan tó jẹ́ ti Disney, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí mo sì gbà pé ó dára fún àlejò ju ọgbà ìgbafẹ́ lọ bó bá jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo la ní. Òtẹ́ẹ̀lì ni, Animal Kingdom Lodge ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 2001 ni wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì náà, ìyẹn ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ọgbà Animal Kingdom tó wà nítòsí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Peter Dominick, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló ya àwòrán ilé náà. Bí ọrun tí a fà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, tó fi jẹ́ pé pápá koríko tí àwọn ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà ti ń jẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá ibẹ̀ kọjú sí. Ilé méjì ló wà níbẹ̀ báyìí: Jambo House, tó jẹ́ ti àkọ́kọ́, àti Kidani Village, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2009. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti inú ọ̀kan dé èkejì. Yàrá tó kọjú sí pápá ẹranko lè ju 500 dọ́là lọ lóru kan, nítorí náà n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ sùn síbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbọ̀ngàn ìgbàlejò ibẹ̀, àwọn ibi tí a ti ń wo ẹranko àti àwọn ilé oúnjẹ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò sùn síbẹ̀, ohun tó sì yẹ kí àlejò rí wà nínú àwọn wọ̀nyí.

Jambo House ni mo máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ, nítorí gbọ̀ngàn rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ ga púpọ̀, àwọn fìtílà ńláńlá tí wọ́n ṣe bí asà jagunjagun rọ̀ láti òkè, iṣẹ́ ọnà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà sì wà káàkiri. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ojú fèrèsé, kí wọ́n lè tètè rí àgùnfọn. Mo máa ń dá wọn dúró, nítorí pé Ìjelè wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, egúngún ńlá àwọn Ìgbò, tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 16, tí ère kéékèèké àti aṣọ aláràbarà bò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìjelè gidi, irú èyí tí wọ́n ń gbé jáde ní ìpínlẹ̀ Anambra, ni UNESCO fi sínú ìwé àwọn àjogúnbá àṣà àgbáyé ní ọdún 2009. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti dàgbà sí Ìbàdàn, tí kò sì tíì ré odò Ọya kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn rí, sọ fún mi pé Florida lòun ti kọ́kọ́ fojú kan Ìjelè. Ó yí i ká, ó wò ó títí, ó sì béèrè ìdí tí kò fi sí egúngún Yorùbá kankan tó ga tó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbà pé ìbéèrè náà tọ́.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́. Disney máa ń gba àwọn èèyàn wá láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìlú tí oníkálukú ti wá sì wà lára káàdì orúkọ tó wà láyà rẹ̀. Àwọn ọmọ South Africa àti Botswana ni mo sábà máa ń bá pàdé. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà dání, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ náà léèrè ẹni tó ń gbọ́ oúnjẹ fún un, bóyá ó ti níyàwó, àti ìgbà tó máa padà sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í bínú sí i. Ó dà bí ẹni pé ó máa ń dùn mọ́ wọn pé ẹnì kan béèrè.

Láti gbọ̀ngàn náà, ẹ jáde sí ẹ̀yìn, kí ẹ kọjá adágún ìwẹ̀ (àwọn tó sùn síbẹ̀ nìkan ló wà fún, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé bọ́ aṣọ), ẹ ó sì dé ibi tí a ti ń wo ẹranko. Disney sọ pé ẹranko tó lé ní 200 ló wà nínú àwọn pápá náà. Àgùnfọn wà níbẹ̀, sébrà wà níbẹ̀, ògòǹgò wà níbẹ̀, onírúurú ẹran tó jọ àgbọ̀nrín tàbí ẹtu sì wà níbẹ̀, tí èèyàn kò lè dárúkọ gbogbo wọn tán. Màlúù Ankole wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń sìn ní Uganda àti agbègbè rẹ̀, tí ìwo rẹ̀ lè gùn ju apá géńdé lọ. Nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi kan wá láti Ṣakí, ìlú tí màlúù pọ̀ sí, ó wo pápá náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì yíjú sí mi: “Ọmọ mi, ṣé màlúù lẹ ní kí n wọ bàálù wá wò?” Ṣùgbọ́n nígbà tí màlúù náà gbé orí sókè, tí ìyá náà sì rí ìwo rẹ̀, ìyá ni kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́, ó ní bí Fúlàní tí òun mọ̀ nílé bá rí irú èyí, kò ní sùn.

Ìgbà tí ẹ bá lọ ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí oòrùn bá mú gan-an, abẹ́ igi ni àwọn ẹranko máa ń sá sí, ẹ ó sì kàn máa rí ìrù àti etí. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, òjò pẹ̀lú àrá máa ń rọ̀ ní Florida ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán, nítorí náà ẹ mú agbòjò dání, kí ẹ má sì gbára lé ojú ọ̀run tó mọ́ ní aago mẹ́wàá. Ní oṣù Kejìlá ẹ̀wẹ̀, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó gba àyè fún oúnjẹ alẹ́ ní aago méje, tí wọ́n rò pé àwọn máa jẹun lójú àgùnfọn, òkùnkùn ni wọ́n máa wò.

Ohun tí mo sọ yìí ló mú kí n fẹ́ràn oúnjẹ ọ̀sán ní Sanaa ju ohunkóhun mìíràn lọ níbẹ̀. Kidani Village ni Sanaa wà, pápá ẹranko sì wà lẹ́yìn àwọn fèrèsé rẹ̀ gan-an, tó fi jẹ́ pé sébrà lè kọjá nígbà tí ẹ bá ń ka ìwé oúnjẹ. Oúnjẹ ìlà-oòrùn Áfíríkà àti ti Íńdíà ni wọ́n pa pọ̀, bí àwọn oníṣòwò tó ń gba orí Òkun Íńdíà ṣe pa á pọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn oúnjẹ adìyẹ wọn dára, pàápàá adìyẹ olómi bọ́tà tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń mú mi padà lọ. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni: oríṣi márùn-ún, pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ kéékèèké mẹ́sàn-án tí a ó máa ki búrẹ́dì náà bọ̀. Máńgòrò wà nínú wọn, tàmáríńdì wà nínú wọn, wàrà pẹ̀lú kùkúńbà náà wà níbẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní 20 dọ́là, èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lè fi panu kí oúnjẹ gidi tó dé. Nínú àwo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yìí, sàḿbálì ata pupa ni kí ẹ tì sí ọ̀dọ̀ àlejò tó bá ń ráhùn láti ìgbà tó ti dé pé àwọn Amẹ́ríkà kì í fi ata sí oúnjẹ. Èyí ta. Mo ti rí géńdé tó béèrè omi lẹ́ẹ̀kejì.

Boma, tó wà ní ìsàlẹ̀ Jambo House, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù, òun náà sì ni àlejò máa ń fẹ́ lọ nítorí wọ́n gbọ́ pé oúnjẹ Áfíríkà ni. Oúnjẹ tí oníkálukú ń bù fúnra rẹ̀ ni, títí yóò fi yó. Ti alẹ́ ju 50 dọ́là lọ fún àgbàlagbà, iye tí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 9 ń san kéré sí i, àwọn tí kò tíì tó ọdún 3 kì í sanwó. Mo fẹ́ kí ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó tọ́. Ìhà gúúsù Áfíríkà ni oúnjẹ ibẹ̀ kọjú sí jù: bobotie, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ẹyin bò kí wọ́n tó yan án, wà níbẹ̀. Fùfú tí mo jẹ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dùnkún òyìnbó (Irish potato) àti ànàmọ́ tí wọ́n gún pọ̀. Ó dùn létè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí òkèlè kò ní rí i bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ lára àwọn oúnjẹ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn alásè wọn ti dán jù, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ìdí àwọn ẹran yíyan. Ohun dídùn tí gbogbo ènìyàn ń wá síbẹ̀ fún ni Zebra Dome, èyí tí ṣokoléètì funfun bò, tí wọ́n sì fa ìlà dúdú sí lára. Amarula, ọtí South Africa tí àwa náà mọ̀ dáadáa nílé, wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sọ èyí fún àlejò tí kì í mutí kí ó tó mú ẹ̀kẹta. Bí owó Boma bá pọ̀ lójú yín, The Mara wà nítòsí, níbi tí èèyàn ti lè ra oúnjẹ díẹ̀ láìgba àyè sílẹ̀.

Nípa bí a ṣe ń wọlé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì yóò béèrè ibi tí ẹ ń lọ, ó sì lè béèrè káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń wakọ̀. Ẹni tó bá ní àyè ní ilé oúnjẹ kò ní ìṣòro, kò sì ní sanwó ìgbọ́kọ̀sí. Ní àsìkò Kérésìmesì àti Àjíǹde, wọ́n lè ní kí ẹni tí kò ní àyè kankan padà. Ọjọ́ 60 ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣí àyè fún gbígbà, orí áàpù Disney lèèyàn sì ti lè ṣe é. Bí ẹ bá gba àyè tí ẹ kò sì yọjú, 10 dọ́là ni wọ́n máa gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, aago méjìlá ni mo máa ń sọ fún àwọn àlejò mi bó bá jẹ́ pé aago kan ni wọ́n kọ orúkọ wa sí, torí mo mọ àwọn tó ń sọ lórí fóònù pé àwọn ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí omi ìwẹ̀ ṣì ń dún lẹ́yìn wọn. Ẹ tún rántí pé bí ẹ bá pé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó yín fún àwọn tó gbé oúnjẹ, yàtọ̀ sí owó orí ọjà tó jẹ́ 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Orange County, ìyẹn agbègbè ìjọba tí òtẹ́ẹ̀lì náà wà. Ẹ wo ìwé owó náà dáadáa kí ẹ má bàa tún fi owó mìíràn lé e.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, Disney Springs ni mo máa ń kó wọn lọ láti ibẹ̀. Ọjà àti ilé oúnjẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ ọ̀fẹ́, ìwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́, iná tó wà lókè ibi ìgbọ́kọ̀sí kọ̀ọ̀kan sì ń fi ibi tó ṣófo hàn. Kò sí ohun tí mo lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ ju pé ó dára láti rìn, àti pé ẹni tó bá mú àlejò tó fẹ́ràn ọjà dání kò ní tètè sùn.

Ohun kan ṣoṣo tí Animal Kingdom Lodge kò lè ṣe fún àlejò ni ọ̀ràn Mickey. Bí ọmọdé kan bá ti Èkó wá pẹ̀lú ìlérí pé òun máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àgùnfọn kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì yẹ kí a bá a jà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Chef Mickey's ni kí ẹ mú un lọ. Ó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì Contemporary, tí ọkọ̀ monorail (ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí irin kan ṣoṣo) ń gba inú rẹ̀ kọjá, a kì í sì í ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà kí a tó jẹun níbẹ̀. Mickey, Minnie, Donald, Goofy àti Pluto máa ń yí káàkiri láti ìdí tábìlì kan dé èkejì. Owó rẹ̀ ju ti Boma lọ, oúnjẹ rẹ̀ kò sì dára ju ti Boma lọ. Ẹ gba àyè síbẹ̀ kí àlejò tó wọ bàálù láti ilé, nítorí ó máa ń kún kíákíá.