Iná kẹ̀kẹ́ Ixon Core lójú títì Kubwa: ẹ má wo lúmẹ̀nì nìkan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra iná iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ fi iye lúmẹ̀nì, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ sára páálí, sílẹ̀ ná, ẹ wo bí réfílẹ́ktọ̀ inú ẹ̀, ohun tó ń dán bíi dígí yẹn, ṣe ń da ìmọ́lẹ̀ síwájú. Gwarinpa sí Kubwa l'Abuja lèmi ń gbà tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, service lane yẹn, iná títì ò tàn dé ibi gbogbo, ọlọ́kadà á gba one way wá pàdé ẹ, kòtò sì wà níbi tó bá ti wù ú.

Oríṣi iná róbótó tó kún ọjà yẹn ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ 2000 lúmẹ̀nì sí i lára, ẹni tó kọ ọ́ ló mọ̀. Ó mọ́lẹ̀ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ tọ́ọ̀ṣì lásán ni, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á fọ́n ká, ìdajì á lọ sára ewé igi àti sójú àwọn tó ń bọ̀, ọlọ́kadà á máa pariwo "kashe fitila!" (pa iná ẹ, lédè Hausa) bó ṣe ń kọjá. Èyí tó tún burú ni pé iwájú táyà gan-an ló ń mọ́ jù, ojú á ti bá ìmọ́lẹ̀ yẹn mu, ọ̀ọ́kán á wá ṣókùnkùn biribiri.

Ixon Core tí Busch & Müller ń ṣe ní Jámánì ni ẹ̀gbọ́n mi bá mi mú bọ̀. 50 lux ni wọ́n pè é. Lúmẹ̀nì ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó jáde, lux ni èyí tó balẹ̀ síbi kan, mítà 10 síwájú ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n ní Jámánì. Òfin wọn, StVZO, ló ní iná kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú, torí ẹ̀ ni réfílẹ́ktọ̀ ẹ̀ fi gé orí ìmọ́lẹ̀ náà pẹrẹsẹ bíi dímù mọ́tò. Ẹ tàn án sí ògiri, ìlà á hàn kedere, ìsàlẹ̀ mọ́, òkè ṣú.

Ibi tọ́gbọ́n wà nìyí: tí iná bá rán iye kan náà síbi mítà 5 àti mítà 20, èyí tó jìn yẹn á gba ìdá kan péré nínú 16 ohun tí èyí tó sún mọ́ gbà. Réfílẹ́ktọ̀ tó dáa á wá kó èyí tó pọ̀ jù sí abẹ́ ìlà yẹn kó lè dé ọ̀ọ́kán, á fún ìtòsí ní díẹ̀, títì á wá mọ́ dọ́gba. Ìgbà ọyẹ́ ni mo gbà fún un pátápátá, torí iná róbótó ń lu eruku tó wà lókè, ó ń padà sójú ẹni bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ funfun síwájú ẹ, èyí tí wọ́n gé lórí yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é.

Ẹ so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ o, ẹ má gbé iná sórí àṣíborí nìkan. Tí iná bá wà nísàlẹ̀ ojú, òjìji kòtò á hàn gbangba, tó bá wà lórí, òjìji á sá pamọ́, gbogbo títì á dà bíi pé ó tẹ́jú.

Àléébù wà ńbẹ̀ ṣá. Ẹ̀ka igi tó so kọ́ ò ní hàn, ẹsẹ̀ ẹni tó dúró lẹ máa kọ́kọ́ rí kẹ́ ẹ tó rí orí ẹ̀, kọ́nà tó le sì máa ń ṣú. Tẹ́ ẹ bá gbójú ẹ̀ sókè jù, òun náà á fọ́ èèyàn lójú. Bátìrì ẹ̀ á tó wákàtí 3 ní 50 lux, wákàtí 15 tẹ́ ẹ bá dín in kù sí 12, èmi kì í tàn án kún tí mo bá wà lábẹ́ iná títì.

Ẹni tó jẹ́ pé inú Wuse tàbí Maitama nìkan ló ń gùn, níbi tí iná títì ti ń tàn, owó ẹ̀ ti pọ̀ jù fún un, kó ra ti ọjà, kó tẹ orí ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.