VLC ṣí fídíò náà, kọ̀ǹpútà mi ló ń mí hẹlẹhẹlẹ

Orúnkún Màmá mi kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin. Láti Kubwa dé Lọ́kọ́jà nìkan, wọn ò lè jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má wú. Ni àbúrò mi obìnrin bá ní kí a fọkàn balẹ̀, òun á fi iPhone òun ya gbogbo rẹ̀, láti orí ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ ìyàwó títí dé orí ìjà kékeré tí wọ́n máa ń jà nítorí ike ìrẹsì. Ó ṣe é lóòótọ́. Fáìlì 36 ló kó sínú fílááṣì kan, ó fi rán dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ ní Abuja, mo sì lọ gbà á ní gáréèjì Jabi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí n tó dé, Màmá ti wé gèlè aṣọ ẹbí tí wọ́n rà tí wọn kò rí wọ̀ lọ, wọ́n ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn.

Mo tẹ fáìlì àkọ́kọ́. Ìlù ń dún, alága ìdúró ń kọrin, ariwo ta. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé òru ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọ̀hún ni?"

Kí n sọ irú kọ̀ǹpútà tí mò ń lò. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà Kubwa, níbi tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí a sì ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi: Core i3 ìran kẹta ti Intel, irú èyí tó jáde ní 2012, mẹ́mọ́rì 4GB, Windows 10. Tó bá jẹ́ ti ìwé títẹ̀, n kò rí àléébù kan lára rẹ̀ rí. Fídíò fóònù ló tú àṣírí rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fi ṣí fáìlì náà ló ń sọ̀rọ̀ láìfi ojú hàn yẹn. Mo gbé e sí èkejì tó wà nínú Windows, ìyẹn ní kí n lọ ra àfikún kan tí wọ́n ń pè ní HEVC Video Extensions ní ilé ìtajà Microsoft, 0.99 dọ́là. Owó súyà lásán ni. N kò bínú sí i, torí HEVC jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kọ fídíò, àwọn tó ni ìmọ̀ rẹ̀ sì ń gba owó ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ àwọn tó bá lò ó. Ọ̀nà tí màá gbà san án ló di wàhálà. Káàdì náírà mi kọ̀ jálẹ̀, kò mọ dọ́là rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lápá ìsàlẹ̀ ọjà. Ó ní, "Oga, ba matsala." Kò sí wàhálà lóòótọ́, títí ó fi kó "kódẹ̀kì" kan, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ka fídíò, láti orí fílááṣì tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi. Fídíò kò ṣí. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni ìpolówó tẹ́tẹ́ ti ń hù lójú kọ̀ǹpútà mi bí olú lẹ́yìn òjò, lójú oníbàárà, àní lójú pásítọ̀ tó wá tẹ ìwé ìkéde ìsọjí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá gba kódẹ̀kì lọ́wọ́ òun, ẹ rọra máa lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an kò le. Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n fi àjàmí kọ, ìyẹn Haúsá tí wọ́n fi àmì Lárúbáwá kọ, irú èyí tí a ń rí lára owó náírà tí a ń ná. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà lè ya àpò lẹ́tà náà, ó lè rí i pé ìwé wà nínú rẹ̀. Kíkà ni kò lè kà á. MOV tàbí MP4 tó wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì, àpò lẹ́tà ni. Bí wọ́n ṣe kọ ohun inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Ọ̀nà ìkọ fídíò tí wọ́n ń pè ní H.264 ti wà láti 2003, agbára káká la fi lè rí kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ọ́n kà lónìí. Ní 2013 ni arọ́pò rẹ̀ dé, H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC. Apple fi sínú iPhone 7 sókè ní 2017 pẹ̀lú iOS 11, ọ̀pọ̀ fóònù Android náà sì ń lò ó báyìí.

Èrè rẹ̀ ni pé ó ń sọ fáìlì di kékeré. Bí iPhone fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sínú ètò kámẹ́rà, ìṣẹ́jú kan fídíò 1080p (ìyẹn ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó), àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń gba nǹkan bí 60MB tó bá jẹ́ HEVC, 130MB tó bá jẹ́ H.264. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n dì pinpin, agbára la fi ń tú u. Ìran kẹfà Intel, ní 2015, ni wọ́n ti fi ẹ̀yà tó ń tú HEVC sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìran kẹta ni tèmi. Ẹ fojú inú wò ó.

Olùkọ́ kan tó máa ń wá tẹ ìbéèrè ìdánwò lọ́dọ̀ mi ló ní kí n gbìyànjú VLC, ètò kan tí a fi ń wo fídíò. Mo ti ń rí i tipẹ́, òun ni ètò tó ní àwòrán kónù ojú títì, aláwọ̀ ọsàn àti funfun. Mo rò pé ti àwọn tó ń wo fíìmù àgbéléwò ni. Mi ò mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ École Centrale Paris, nílẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996, kí wọ́n lè máa wo fídíò káàkiri ilé ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2001. Títí dòní, ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ló ń tọ́jú rẹ̀. Kò béèrè owó, kò béèrè íméèlì, kò polówó nǹkan kan. Kò tó 50MB. Videolan.org ni kí ẹ ti gbà á, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì náà, torí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo fi VLC ṣí fáìlì àkọ́kọ́. Ọkọ ìyàwó yọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e bí igi tí wọ́n gé. Màmá pàtẹ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà dọ̀bálẹ̀.

Nínú fáìlì 36, a wo 29 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. 1080p ni gbogbo wọn. Wọ́n ń há díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti gbogbo nǹkan míì tí mo ṣí sílẹ̀ pa, tí mo sì fọn eruku ọyẹ́ tó ti di fáànù kọ̀ǹpútà, ó ń lọ geerege. Kódà èyí tí àbúrò mi dá fóònù dùbúlẹ̀ yà, tó sì ń hàn bí ẹni tó sùn, mo lọ sí Ctrl+E, mo yí i dìde.

Fáìlì 7 tó kù ni ẹjọ́ wà. Nígbà tí ìyàwó máa wọlé, àbúrò mi yí kámẹ́rà sí 4K, ìwọ̀n tó ga ju 1080p lọ, ó ní kó lè mọ́ dáadáa. VLC ṣí i o. Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró bí ère. Orin ń lọ, àwòrán ń wọ́ lẹ́yìn. Eérú bo ojú ìyàwó, ìdajì gèlè rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ìdajì wà lápá òsì. Nígbà tó máa fi padà di èèyàn, ó ti jókòó. Ariwo fáànù kọ̀ǹpútà borí gángan. Mo wo Task Manager, tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ tó hàn, iṣẹ́ wà lórí 100%, kò sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ Ctrl+P, mo lọ sí Input / Codecs, mo tan Hardware-accelerated decoding, mo pa á, mo tún tan án. Bákan náà ló rí. Kò lè yàtọ̀, ẹ̀yà tó ń tú HEVC tí mò ń tàn kò sí nínú ẹ̀rọ mi.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bú VLC nítorí irú èyí. N kò ní bá wọn bú u. Iṣẹ́ kíkà ni wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì kà á. Agbára ni kò sí nílé. Kódà ká ní káàdì mi ti gba 0.99 dọ́là yẹn, ibi tí ìyàwó dúró sí náà ni ì bá dúró sí.

Ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kan kúrò lára VLC, tí mo fi fún un ní 4 nínú 5, ni ibi tí wọ́n ti ń yí fáìlì padà. Ó wà níbẹ̀, Ctrl+R ló ń ṣí i. Mo yan ohun tí kò yẹ kí n yàn, fídíò tó jáde yadi. Àìmọ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ ta kókó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ọ̀pá kékeré ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló sì ń sọ bí iṣẹ́ ṣe kù tó.

HandBrake, ètò kan tó ń yí fáìlì fídíò padà, ni mo wá lò fún àwọn 7 yẹn. Òun náà ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti 2003. Ẹ gbé fáìlì sínú rẹ̀, ẹ yan Fast 1080p30, ìyẹn á dá a padà sí H.264 nínú àpò MP4. Kí ẹ tó tẹ Start, ẹ lọ sí abala Video kí ẹ yan Constant Framerate. Ẹ má fo ìyẹn. Iye àwòrán tí fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í dọ́gba, àìdọ́gba yẹn ló sì lè mú kí ẹnu akọrin máa lọ ṣáájú orin rẹ̀ bí fídíò bá gùn.

Sùúrù ni ẹ máa fi bá a rìn. Fídíò ìṣẹ́jú 8 gba ìṣẹ́jú 50 ó lé lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo to méjèèje tẹ̀lé ara wọn, mo lọ sùn. Iná lọ ní agogo méjì òru. Èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà yẹn kò ṣeé ṣí mọ́, mo tún un bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Owó epo tí mo sun, mi ò fẹ́ fi wé 0.99 dọ́là kankan.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yà á ni iṣẹ́ yìí ti rọrùn jù. Mo pe àbúrò mi. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kí ẹ yan Most Compatible, H.264 ni yóò máa yà. Fáìlì á tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lórí Samsung, nínú ètò kámẹ́rà, ẹ pa High efficiency videos. Mo sì ní kó fi 4K sílẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà mi jẹ́ 1366 lọ́nà 768. Àwòrán 4K ju ìyẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ, ibo ni mo fẹ́ fi èyí tó kù sí? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ sọ fóònù mi di ti ayé àtijọ́." Mo ní kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí màá fi ra kọ̀ǹpútà míì. Ó rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé ìyẹn jìnnà.

Ó tún kù díẹ̀ tó ń dùn mọ́ mi nínú VLC. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó máa lágùn, ẹ ṣí i, ẹ tẹ Ctrl+J, yóò kọ H264 tàbí HEVC síbẹ̀. Oníbàárà bá gbé fídíò wá ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nìyẹn, kí n tó dá owó lé e. J àti K ń tún ohùn tó yàtọ̀ sí ẹnu ṣe. Lẹ́tà E ń gbé àwòrán lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun sì ni Màmá yàn láàyò.

Wọ́n ti wo ìgbéyàwó náà lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Wọ́n ń fi E ka àwọn tó wá àti àwọn tí kò wá, wọ́n ń fi ìwé kékeré kan kọ ọ́ sílẹ̀, n kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Lánàá, wọ́n fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Dúró. Ta ni obìnrin tó wé gèlè aláwọ̀ ewé yẹn? Dá a padà díẹ̀."

E kì í padà sẹ́yìn, iwájú nìkan ló mọ̀. Mo tẹ Shift pẹ̀lú ọfà òsì, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 padà. Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀.

"Tún dá a padà."